Fílítà inú iṣan ẹ̀jẹ̀: kí ẹ tó bèèrè èwo ló dáa jù, ẹ bèèrè ẹni tó máa yọ ọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyàwó àbúrò mi pè mí láti Houston, kò tiẹ̀ tíì kí mi tán tó fi ní "Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n fẹ́ ki fílítà bọ inú iṣan Dádì mi o, wọ́n sì ní oríṣiríṣi ló wà, èwo la máa ní kí wọ́n lò?" Èmi tó jẹ́ pé fóònù ni mò ń tún ṣe ní Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí! Àmọ́ mo mọ ìdí tó fi jẹ́ èmi ló pè. Ìyá mi gbé irú nǹkan yẹn sínú fún odindi oṣù 10, ohun tí ojú wa rí nígbà náà ló jẹ́ kí n ka ọ̀rọ̀ yìí títí mo fi ń lá a lálàá. Ohun tí mo sọ fún ìyàwó wa ni mo kó síbí, kí n má baà máa tún un sọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà kọ́ ni mí o, dókítà yín ló máa mú fílítà, àmọ́ tí ẹ bá mọ ohun tí ẹ máa bi í, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe máa dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì nínú iṣan itan lè já lójijì kó tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, iṣan ńlá kan wà nínú ikùn tó ń kó ẹ̀jẹ̀ gbogbo ìsàlẹ̀ ara padà sínú ọkàn, ibẹ̀ ló máa gbà, ọkàn á wá tì í sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló máa há sí, èèyàn lè gbabẹ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Irin kékeré kan ni fílítà, inú iṣan ńlá yẹn ni wọ́n ń kì í bọ̀, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí iṣan kíndìnrín ti ń já sí i. Tí ẹ bá mọ ìgèrè tí wọ́n fi ń pẹja lódò, ìyẹn náà ni, omi ń kọjá, ẹja ń há. Tàbí kí ẹ wo irin agboòrùn tí atẹ́gùn ti ya aṣọ rẹ̀ dànù. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kì í tú ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, kì í sì í ní kí òmíràn má dì, ó kàn ń dá a dúró lójú ọ̀nà ni.

Torí náà oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló ṣáájú, abẹ́rẹ́ Clexane, warfarin, rivaroxaban àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Fílítà wà fún ẹni tí oògùn yẹn ò ṣeé fún, bíi ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ikùn tàbí nínú ọpọlọ rẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ṣeé sún síwájú, tàbí ẹni tó ń lo oògùn bó ṣe yẹ tí ẹ̀jẹ̀ tún ń dì lé e lórí. Tí aláìsàn yín bá lè lo oògùn, tí oògùn sì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, tí ẹnì kan wá ní kí wọ́n fi fílítà kún un kí ọkàn lè balẹ̀, ẹ rọra bèèrè ìdí.

Kì í ṣe pé mo kàn ń sọ ọ́ o. Àwọn ará Faransé ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní 1998, PREPIC ni wọ́n pè é, èèyàn 400 tí gbogbo wọn ń lo oògùn, wọ́n wá fi fílítà tí kì í ṣeé yọ sí ìdajì nínú wọn. Láàárín ọjọ́ 12 àkọ́kọ́, nínú 100 tó ní fílítà, bí ẹyọ kan ni ẹ̀jẹ̀ há sí lẹ́dọ̀fóró, àwọn tí kò ní in sún mọ́ 5, a jẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọdún 2, ẹ̀jẹ̀ ti tún dì lẹ́sẹ̀ nǹkan bí 21 nínú 100 àwọn onífílítà, ti àwọn yòókù ò ju bí 12 lọ, iye tó kú nínú ọ̀wọ́ méjèèjì ò sì yàtọ̀. Ní 2015 wọ́n tún gbé òmíràn jáde, èèyàn 399, fílítà ALN tó ṣeé yọ ni wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí, láàárín oṣù 3 ẹ̀jẹ̀ tún há sí ẹ̀dọ̀fóró èèyàn 6 nínú àwọn onífílítà, èèyàn 3 péré nínú àwọn tó lo oògùn nìkan. Èyí tó wá yé mi jù ni ti Australia ní 2019, àwọn tó fara pa gan-an ni wọ́n fi ṣe é, èèyàn 240. Fífi fílítà síni kíákíá ò dín ikú kù lápapọ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí kò rí oògùn lò títí ọjọ́ 7 fi kọjá, kò sí ẹyọ kan nínú àwọn onífílítà 46 tí ẹ̀jẹ̀ há sí lẹ́dọ̀fóró, 5 ló wà nínú àwọn 34 tí wọn ò fi sí. Ẹni tí oògùn ò ṣeé fún, òun gan-an ló ni ín.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń kà á nílé níbí, ọkàn rẹ̀ á ti lọ sí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Òótọ́ ni, ẹni tí ọkọ̀ fọ́ itan rẹ̀ tó wá dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ̀jẹ̀ ń dì sí. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni pé ẹsẹ̀ kan á ti wú ju èkejì lọ, á gbóná, á máa dun aláìsàn, wọ́n á wá bu òrí lé e, wọ́n á máa wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹsẹ̀ kan tó ṣàdédé wú, ẹ má wọ́ ọ, wíwọ́ yẹn lè já ẹ̀jẹ̀ tó dì kúrò níbi tó wà. Ẹ gbé e lọ fún skáàn. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to eegun, àmọ́ ọwọ́ ò lè mọ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan.

Ó dáa, ká ní dókítà ti ṣàlàyé, ó ti yé yín pé dandan ni. Báwo la ṣe máa fi ọ̀kan wé èkejì?

Èmi ò ní kọ́kọ́ wo orúkọ, ibi tí ìkọ́ rẹ̀ wà ni màá wò. Ọ̀pọ̀ fílítà tó ṣeé yọ ló ní ibi tí wọ́n máa fi wáyà mú, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìkọ́ fa korobá tó jábọ́ sí kànga. Günther Tulip, Celect, Denali àti Option Elite, òkè ni ìkọ́ tiwọn wà, ọrùn ni wọ́n ń gbà yọ wọ́n. OptEase, ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀ wà, ibi tí itan ti so mọ́ ikùn ni wọ́n ń gbà yọ ọ́. Ẹ lè ní kí ló kàn mí níbẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ pé iṣan itan méjèèjì ti dí fún ẹ̀jẹ̀ dídì, ọ̀nà ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí wọ́n ti ki ọ̀pá dialysis (ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́) bọ ọrùn rẹ̀ léraléra, ti òkè lè ṣòro fún òun. Ẹ sọ gbogbo ìtàn iṣan aláìsàn yín fún wọn. OptEase yìí, orí àti ìdí rẹ̀ jọra, ẹni tó bá dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò yẹ ti dá wàhálà sílẹ̀. Ó tún ní ìbejì kan tó ń jẹ́ TrapEase, èyí ò ní ìkọ́ rárá, ti kó máa gbé ibẹ̀ lọ ni wọ́n ṣe é, torí náà ẹ ka orúkọ tó wà lára káàdì fílítà tí wọ́n bá fún yín dáadáa, má ṣe ní "Ease" ṣáà ni.

Ìrísí ló tẹ̀ lé e. Tulip, Celect, Denali, Option àti ALN, oníṣóńṣó ni gbogbo wọn, bí ìgèrè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. OptEase dà bí agbọ̀n méjì tí wọ́n dojú wọn kọra, ara rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri iṣan gbọọrọ. Kò sí èyí tí kò ní àléébù tirẹ̀. Àwọn oníṣóńṣó, bí wọ́n bá ṣe ń pẹ́ ni ẹsẹ̀ wọn máa ń gún ògiri iṣan jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì ní mọ̀ ọ́n lára, àwọn mìíràn á máa ní ìnira ẹ̀yìn tàbí ikùn. Wọ́n tún lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó bá ti fì ju ìwọ̀n dígírì 15 lọ, orí rẹ̀ á lọ fara ti ògiri, ẹran á bò ó, wáyà ò ní rí ìkọ́ mú mọ́. Oníagbọ̀n kì í fì bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ni ẹ̀jẹ̀ máa ń dì sí títí á fi dí iṣan pa, ó sì ń yára lẹ̀ mọ́ ara. Ìdí nìyẹn tí àkókò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yíyọ OptEase fi kéré, ọjọ́ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka oṣù. Ẹni tí wọ́n bá fi OptEase sí, tí dókítà wá ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù 4, ẹ ní kó tún un wò o.

Irin tí wọ́n fi ṣe é, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Tulip àti Celect, irin kobalt àti kromium ni; OptEase, Option àti Denali, nitinol ni, ìyẹn irin tí wọ́n lè ká jọ bó bá tutù, tí ooru ara á wá tú u sílẹ̀; ALN, irin tí kì í dípẹtà ni. Nickel wà nínú gbogbo wọn, nitinol ló pọ̀ sí jù. Tí yẹtí olówó pọ́ọ́kú bá máa ń mú ara aláìsàn yín yún, ẹ sọ ọ́, kì í ṣe ohun ìtìjú.

Bí iṣan ṣe gbòòrò tó náà ń kó ipa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn fílítà yìí ò ṣeé lò níbi tí iṣan bá ti fẹ̀ ju 28 tàbí 30 mm lọ, torí pé ó lè yọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sókè. Wọ́n á ta oògùn tó ń jẹ́ kí iṣan hàn nínú ẹ́síréè, wọ́n á wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó fi sí i. Ìbéèrè yín ni pé "mélòó ni iṣan rẹ̀?" Ẹ kọ nọ́mbà náà sílẹ̀.

Ẹ tún bèèrè ọdún tí irú fílítà yẹn ti wà lọ́jà. Kì í ṣe pé tuntun ló dáa jù, kì í sì í ṣe pé àtijọ́ ló dáa jù, ìtàn rẹ̀ lẹ fẹ́ gbọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Recovery nígbà kan, tó ti kúrò lọ́jà tipẹ́, wọ́n yẹ èèyàn 80 tí wọ́n fi òun àti G2 tó rọ́pò rẹ̀ sí wò, ìwádìí náà jáde ní 2010: nínú 28 tó gbé Recovery sára, 7 ló ti kán, nínú 52 tó gbé G2, 6 ló kán. Ẹsẹ̀ irin tó kán yẹn lè tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn. Lọ́dún 2010 yẹn náà ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, ké sí àwọn dókítà, wọ́n ní láti 2005 àwọn ti gba ìròyìn wàhálà 921 nípa fílítà: 328 rìn kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, ara 146 já tó sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ, 70 gún iṣan, 56 kán.

Ibi tí mo ń bá bọ̀ láti òwúrọ̀ wá rèé. Gbogbo ìfiwéra tí mo ṣe yìí, ó kéré sí ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́. Àwọn fílítà tí wọ́n ń pè ní èyí tó ṣeé yọ yìí, wọ́n fọwọ́ sí i pé èèyàn lè gbé e sára títí ayé náà, kò sí aago tó máa dún nínú rẹ̀, torí náà tí ẹnikẹ́ni ò bá rántí, kò sẹ́ni tó máa rántí. FDA jókòó ṣe ìṣirò, wọ́n ní tí ewu ẹ̀jẹ̀ dídì bá ti rọlẹ̀, àárín ọjọ́ 29 sí ọjọ́ 54 lẹ́yìn tí wọ́n fi í sára ni yíyọ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í sàn ju fífi í sílẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2011, nǹkan bí ẹyọ kan nínú mẹ́ta ni wọ́n rí yọ. Ẹyọ kan péré!

Díẹ̀ ló kù kí ìyá mi wà nínú àwọn méjì yòókù. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Jàgun, tó lọ bá àbúrò mi obìnrin wẹ ọmọ ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ òsì wú lẹ́yìn ìrìn àjò ọkọ̀ òfurufú, wọ́n fún un lóògùn, ọgbẹ́ inú tó ti ń bá a fínra láti ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Wọ́n dá oògùn dúró, wọ́n fi fílítà sí i. Títí débẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe ohun tí kò dáa, ohun tó yẹ ni wọ́n ṣe. Ọgbẹ́ san, ó padà sórí oògùn, físà ń parí lọ, ó kó ẹrù, ó di ilé. Àbúrò mi kó kúrò níbi tó ń gbé, ó pààrọ̀ nọ́mbà, bí ọsibítù yẹn bá tiẹ̀ pè, ta ló máa gbé e? Káàdì fílítà ń bẹ nínú Bíbélì màmá, láàárín Sáàmù, a rò pé káàdì ọjọ́ ìbí ni. Oṣù 8 kọjá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, a ṣe skáàn, dókítà pe èmi nìkan wọlé, ó ní "Kí ni irin tó wà nínú ìyá yìí?" Ẹsẹ̀ méjì ti gún iṣan jáde. Oṣù 10 ló pé kí físà àti owó tó jọ kó tó padà lọ yọ ọ́.

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá fi fílítà sí i gan-an, kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ yíyọ rẹ̀ fún yín, kí wọ́n kọ orúkọ dókítà tó máa yọ ọ́, àti ẹni tí ẹ máa pè tí kò bá sí lórí iṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò káàdì, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ilé lórí WhatsApp, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbé áláàmù sórí fóònù rẹ̀. Tí aláìsàn bá fẹ́ padà sí Nàìjíríà, ẹ bèèrè kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ẹ ń wá ni interventional radiologist, dókítà tó ń fi wáyà ṣiṣẹ́ nínú iṣan lábẹ́ ẹ́síréè, ẹ má dé ọsibítù ńlá kí ẹ kàn rò pé ọsibítù ńlá ni, á wà níbẹ̀. Ẹ pè kí ẹ tó lọ, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní irinṣẹ́ fún irú fílítà tó wà lára káàdì yẹn. Tí ìdáhùn bá jẹ́ "ẹ máa mú un bọ̀ ná," ìyẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Títí wọ́n á fi yọ ọ́, kò sí èèwọ̀ rẹpẹtẹ. Kó máa rìn, kó máa mu omi. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe MRI, àwòrán tí wọ́n ń fi mágnẹ́ẹ̀tì yà, fún un, kó fi káàdì hàn kó tó wọlé. Tó bá wà lórí warfarin, INR, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, àárín 2 sí 3 ni wọ́n máa ń fẹ́ kó wà, ewédú àti ẹ̀fọ́ ò di èèwọ̀, àmọ́ kó jẹ́ ìwọ̀n kan náà lọ́sẹ̀, má jẹ abọ́ mẹ́ta lónìí kó o má fẹnu kàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì. (Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ìyẹn fún ìyá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan.) Àgbo ni kí wọ́n pa tì pátá, torí pé kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe máa bá warfarin jà. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fílítà lè ti dí nìyẹn. Tí èémí bá ṣàdédé ń há, tí àyà ń gún un, ẹ má dúró dọjọ́ kejì.

Ọjọ́ yíyọ, wọn kì í la ikùn o. Wọ́n á pa ibi ọrùn (tàbí ìdí itan, tó bá jẹ́ OptEase) kú pẹ̀lú abẹ́rẹ́, wọ́n á ki ọ̀pá tín-ín-rín kan wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ ya àwòrán wò bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá wà nínú fílítà, tó bá wà, wọ́n á sún un síwájú, wọ́n á fi oògùn tú u ná. Tí kò bá sí, wáyà oníkókó á mú ìkọ́, ọ̀pá á bò ó mọ́lẹ̀, á ká jọ bí agboòrùn, wọ́n á fà á jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn sílé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín nítorí ọjọ́ náà, ẹ bi wọ́n. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ọ̀pá tó ní ẹ̀mú lẹ́nu ni wọ́n á fi já a, tàbí laser, FDA fọwọ́ sí ọ̀kan tó wà fún iṣẹ́ yìí ní 2021. Ìbéèrè tó máa fi hàn yín bóyá wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú ni "Tí wáyà ò bá mú un ńkọ́, kí lẹ máa ṣe?"

Ti màmá, wáyà ò mú un. Orí rẹ̀ ti há sára ògiri, ọ̀pá ẹ̀mú yẹn ni wọ́n fi já a, ó lé ní wákàtí méjì, àbúrò mi jókòó síta, kò mọ èyí tó ń gbà nínú gbogbo àdúrà tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n parí, màmá ní kí wọ́n fi hàn òun, nọ́ọ̀sì gbé e wá nínú abọ́ kékeré, ó yí i wò títí, ó ní "Èyí tí kò tó irin agboòrùn ọmọdé yìí náà ni?" Ó wá bi nọ́ọ̀sì bóyá pílásítà ọrùn yẹn ò ní kí òun má ro ọkà.